Bíṣọ́ọ̀bù tó mọ kẹ́mísìrì, àti odò tó yẹ ká gbà là

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí gààrí. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọn kì í hú ẹ̀gẹ́ lóko kí wọ́n kàn máa jẹ ẹ́ ní tútù bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń ṣe gààrí á bẹ èèpo rẹ̀, á lọ̀ ọ́, á dì í sínú àpò, á gbé òkúta lé e fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó wá yan án. Tó bá jẹ́ láfún ló fẹ́ ṣe, á rẹ ẹ́ sómi. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí ni pé ohun kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó máa ń di sáyánáìdì tí a bá gé e tàbí tí a bá lọ̀ ọ́. Májèlé ni. Àwọn ìyá wa ò ka ìwé kẹ́mísìrì kankan, àmọ́ wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń lé májèlé náà jáde kí oúnjẹ tó délé.

Sáyánáìdì yìí kan náà, tó pọ̀ ju ti inú ẹ̀gẹ́ lọ fíìfíì, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìwakùsà fi ń yọ wúrà kúrò nínú òkúta. Òun náà ló wà nídìí ìjà kan tí ìjọ Àgùdà, ìyẹn ìjọ Kátólíìkì, jà ní orílẹ̀-èdè El Salvador. Nígbà tí ìjà náà bẹ̀rẹ̀, Fernando Sáenz Lacalle ni bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní San Salvador. Kó tó di àlùfáà, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì. Ẹni tó bá mọ kẹ́mísìrì ò nílò àlàyé púpọ̀ kó tó mọ ohun tí sáyánáìdì lè ṣe bó bá dé inú omi mímu.

Kí n tètè sọ ọ́ o: èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà, mi ò sì kọ èyí láti fa ẹnikẹ́ni lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé tí àwọn ẹlẹ́sìn bá gba sáyẹ́ǹsì mọ́ra, tí wọ́n sì dúró ti tálákà, wọ́n lè ṣe ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan ò lè ṣe. Mo sì rò pé àwa tí a wà létí odò Ọ̀ṣun nílò irú rẹ̀ báyìí.

Orílẹ̀-èdè kékeré, odò ńlá kan

El Salvador wà láàárín Amẹ́ríkà Àríwá àti Amẹ́ríkà Gúúsù. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 21,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan tóbi jù ú lọ. Àwọn èèyàn ibẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà, wọ́n sì fún mọ́ra gan-an. Odò tó ṣe pàtàkì jù fún wọn ni Lempa. Orísun rẹ̀ wà ní Guatemala, ó gba Honduras kọjá, ó wá wọ El Salvador, ó sì ń ṣàn lọ sínú òkun Pàsífíìkì. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ọ̀pọ̀ omi ẹ̀rọ tí olú ìlú ń mu. Òun ni àwọn àgbẹ̀ ń lò, òun náà ló ń yí ẹ̀rọ iná mànàmáná. Púpọ̀ nínú àwọn odò mìíràn nílẹ̀ náà ti dọ̀tí. Nítorí náà, tí Lempa bá bàjẹ́, kò sí ibòmíì tí wọ́n fẹ́ sá lọ.

Wúrà wà lábẹ́ ilẹ̀ ní ẹkùn Cabañas, apá àríwá, nítòsí odò náà. Ilé iṣẹ́ kan láti Kánádà, Pacific Rim, wá síbẹ̀, wọ́n sì tọrọ àṣẹ láti wà á.

Báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń yọ wúrà? Ẹ má rò pé wọ́n kàn ń ṣa á nílẹ̀ bí ẹni ń ṣa èkùrọ́. Tọ́ọ̀nù òkúta kan, ìyẹn ìwọ̀n ogún àpò sìmẹ́ǹtì, lè má ní ju gíráàmù wúrà díẹ̀ lọ nínú. Nítorí òrùka ìgbéyàwó kan, wọ́n lè lọ òkúta tó tó ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Wọ́n á fọ́ òkúta náà, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, wọ́n á wá da omi tó ní sáyánáìdì sí i. Sáyánáìdì á di mọ́ wúrà, wúrà á sì yọ́ sínú omi bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa wúrà yọ kúrò nínú omi ọ̀hún.

Kí ló wá ṣẹ́ kù? Ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ tó pọ̀ bí òkè, tí sáyánáìdì àti àwọn mẹ́táàlì olóró wà nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń kó o pa mọ́ sẹ́yìn ògiri tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ mọ, wọ́n á sì máa gbàdúrà kí ògiri náà má wó. Ní Baia Mare, lórílẹ̀-èdè Ròmáníà, ògiri náà ya ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2000. Nǹkan bí 100,000 kúbíìkì mítà omi tó ní sáyánáìdì ló tú sínú odò. Ó ṣàn dé Hungary, ó sì wọ odò Danube. Ẹja kú lọ bẹẹrẹ.

Àmọ́ kì í ṣe sáyánáìdì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè tú púpọ̀ nínú rẹ̀ ká bó bá yá. Èyí tí kì í tán bọ̀rọ̀ ni ásíìdì. Ọ̀pọ̀ òkúta tó ní wúrà ló tún ní páírì, tí irin àti imí ọjọ́ para pọ̀ di. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ wá hú u síta, ẹ fọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí òjò àti afẹ́fẹ́ kàn án: á bẹ̀rẹ̀ sí í di ásíìdì, irú èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò gan-an. Ásíìdì yìí á wá máa yọ òjé, ásẹ́níìkì àti kádíọ́mù jáde látinú òkúta, á sì gbé wọn wọ odò. Kò sí bọ́tìnnì tí èèyàn lè tẹ̀ kó dúró. Àwọn ará El Salvador ò nílò kí wọ́n rìnrìn àjò kí wọ́n tó rí i, torí odò San Sebastián wà ní ẹkùn La Unión nílẹ̀ wọn. Ìwakùsà ti dáwọ́ dúró níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ omi náà ṣì ń pọ́n bí irin tó dípẹtà.

Ohun tí ìjọ ṣe

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, gbogbo àwọn bíṣọ́ọ̀bù El Salvador fohùn ṣọ̀kan, wọ́n gbé ìwé jáde pé kí ìjọba má jẹ́ kí wọ́n wa wúrà nílẹ̀ náà. Wọ́n ní kò sí owó tó tó iye ẹ̀mí èèyàn, àti pé orílẹ̀-èdè tó kéré tó báyìí, tí èèyàn kún inú rẹ̀, ò ní ibi tó lè kó ìdọ̀tí náà sí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba sọ pé àwọn ò ní fún ilé iṣẹ́ kankan ní àṣẹ tuntun.

Ìjà wá le. Ní 2009, ilé iṣẹ́ náà pe ìjọba lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ tó wà lábẹ́ Báńkì Àgbáyé ní Washington, owó tí wọ́n sì ń béèrè ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ọdún yẹn kan náà ni Marcelo Rivera, ọ̀kan lára àwọn tó ń ta ko ìwakùsà ní Cabañas, sọnù. Inú kànga ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló kú. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ń jà fún omi níbẹ̀, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ orí Twitter ni.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi gbọ́rọ̀ sí ìjọ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀? Ìtàn ni. Wọ́n yìnbọn pa bíṣọ́ọ̀bù àgbà Óscar Romero ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1980, níbi tó ti ń ṣe Máàsì lọ́wọ́, torí ó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn tálákà. Ní oṣù kọkànlá 1989, sójà wọ inú yunifásítì UCA tí àwọn àlùfáà Jésúìtì dá sílẹ̀, wọ́n pa àlùfáà mẹ́fà, wọ́n tún pa obìnrin tó ń bá wọn dáná àti ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ti kú nítorí rẹ, wàá gbọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá sọ̀rọ̀.

Yunifásítì UCA yìí tún ni wọ́n lò nínú ọ̀rọ̀ wúrà. Wọ́n ní ẹ̀ka tó ń ṣe ìwádìí èrò ará ìlú. Nígbà tí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé níbi tí ìwakùsà lè kàn, ó ju méje nínú mẹ́wàá tó ní àwọn ò fẹ́. Àwọn amòfin wọn náà jókòó, wọ́n kọ àbá òfin. Ní oṣù kejì ọdún 2017, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tuntun, José Luis Escobar Alas, àti àwọn ará UCA gbé àbá náà lọ sí ilé aṣòfin. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, àwọn aṣòfin buwọ́ lù ú. El Salvador di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láyé tó fòfin de gbogbo ìwakùsà mẹ́táàlì. Ó ku oṣù díẹ̀ kí òfin náà jáde nígbà tí wọ́n jàre ilé iṣẹ́ náà ní Washington, ní oṣù kẹwàá 2016. Ilé ẹjọ́ ní kí ilé iṣẹ́ san 8 mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba nítorí ìnáwó ẹjọ́.

Ìwé Póòpù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sáyẹ́ǹsì

Láàárín gbogbo èyí, ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Póòpù Francis gbé ìwé kan jáde tó ń jẹ́ Laudato Si'. Òun náà, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ní Argentina, ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ kẹ́mísìrì, ó sì ti ṣiṣẹ́ rí ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ wò. Tí ẹ bá ṣí ìwé náà, ẹ lè máa retí pé Bíbélì ló máa kún orí àkọ́kọ́. Rárá o. Ojú ọjọ́ tó ń gbóná, omi tó ń dọ̀tí, ẹranko àti igi tó ń run, àwọn ni wọ́n wà níbẹ̀. Ó dárúkọ ìwakùsà pàápàá lára ohun tó ń ba omi abẹ́ ilẹ̀ jẹ́. Ó di orí kejì kó tó wá sọ ohun tí ìgbàgbọ́ wí.

Mo fẹ́ràn ìlànà yẹn. Kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kó o tó sọ ohun tó yẹ. Ìjọ Àgùdà ti ń kọ̀wé lórí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ láti 1891, nígbà Póòpù Leo kẹtàlá. Ohun tí Francis fi kún un ni pé ìyà tó ń jẹ tálákà àti ìyà tó ń jẹ ilẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ sì wò ó, òótọ́ ni. Tí odò bá bàjẹ́, olówó á gbẹ́ borehole, á ra omi inú ọ̀rá àti inú ike. Ẹni tó ń fi korobá pọnmi lódò ló máa mu májèlé náà.

Àwọn tí ò gbà

Ẹnì kan á ní: "Ìjọ yìí kan náà kọ́ ló wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn Spéìn ń kó wúrà àti fàdákà ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ?" Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wà níbẹ̀. Mi ò ní fi ọwọ́ bo ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó ṣìnà lánàá tó wá padà lónìí, ohun tó ń ṣe lónìí ló yẹ ká fi wọ̀n ọ́n.

Ẹlòmíì á ní: "Ebi ń pa wá, wúrà sì wà nílẹ̀. Ṣé ká máa wò ó ni?" Ọ̀rọ̀ yìí ló lágbára jù, òun náà ló sì yí gbogbo ẹ̀ padà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2024, nígbà tí Kérésì ku ọjọ́ méjì, ilé aṣòfin El Salvador fagi lé òfin 2017. Ààrẹ Nayib Bukele ló ní kí wọ́n ṣe é. Ó ní ọrọ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà lè tún ayé gbogbo èèyàn ṣe, àti pé ìwakùsà òde òní ò ní ba nǹkan jẹ́. Òfin tuntun náà tiẹ̀ ní kí wọ́n má lo mẹ́kúrì.

Ó dáa. Àmọ́ ẹ rántí kẹ́mísìrì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Tí o bá yọ mẹ́kúrì kúrò, páírì ṣì wà nínú òkúta, òjò ṣì ń rọ̀, ásíìdì ṣì máa jáde. Wúrà máa tán láàárín ọdún mẹ́wàá tàbí ogún, ásíìdì lè wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ta ló máa máa fọ omi náà nígbà tí owó wúrà ti tán? Ìbéèrè yẹn ni mi ò tíì gbọ́ ìdáhùn sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó ń ta ìwakùsà fún wa.

Ìjọ ò sì dákẹ́. Ní oṣù kẹta 2025, Escobar Alas tún gbé ìwé lọ sí ilé aṣòfin, àwọn tó buwọ́ lù ú ju 100,000 lọ. Wọn ò tíì borí. Ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀kọ́: òfin tí èèyàn fi ọdún mẹ́wàá jà fún, wọ́n lè fi ọjọ́ kan pa á rẹ́. Ohun tí wọn ò lè pa rẹ́ kíákíá ni ìmọ̀ tó ti dé orí àwọn ará abúlé. Ẹni tó ti mọ ìdí tí omi San Sebastián fi pọ́n, ẹ ò lè sọ fún un mọ́ pé kò sí nǹkan kan.

Ó kan àwa náà

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń wa wúrà. Àwọn kan ní àṣẹ, àwọn kan ò ní. Àwọn tó ń wà á létí omi máa ń fọ yẹ̀pẹ̀ sínú odò, ibi púpọ̀ sì wà láyé tí irú wọn ti ń lo mẹ́kúrì láti fi kó wúrà jọ. Omi odò Ọ̀ṣun ti yí padà di pupa rúsúrúsú, ẹni tó bá gba Òṣogbo kọjá á rí i. Odò yìí kan náà ló ṣàn gba inú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sára ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ síbẹ̀, wọ́n ń bu omi náà mu, wọ́n ń gbé e lọ fún ọmọ wọn nílé.

A sì ti rí ohun tí wúrà lè ṣe ní Nàìjíríà. Ní Zamfara lọ́dún 2010, àwọn èèyàn ń lọ òkúta wúrà nínú àgbàlá ilé wọn. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bà lé ilẹ̀, ó bà lé oúnjẹ. Ó ju 400 ọmọdé lọ tó kú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mélòó ni ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó wà láàárín Iléṣà sí Òṣogbo? Àwọn olórìṣà tó ti ń ṣọ́ igbó Ọ̀ṣun kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Laudato Si' ńkọ́? Gbogbo wọn ń lo omi. Ìjọ ń fi omi ṣèrìbọmi, Mùsùlùmí ń fi ṣe àlùwàlá, olórìṣà ń bọ ọ́. Kò sí ẹni tó lè ní ọ̀rọ̀ yìí ò kan òun.

Ohun tí mo rò pé a lè ṣe rèé. Gbogbo ilé ẹ̀sìn tó wà létí odò lè mú ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó ti ka sáyẹ́ǹsì ní girama. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n bu omi sínú ìgò funfun tó mọ́, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níwájú bébà funfun, níbì kan náà, ní àkókò kan náà. Kí wọ́n ki bébà pH bọ̀ ọ́, kò wọ́n, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Tí nọ́ńbà bá ń lọ sílẹ̀, ásíìdì ń pọ̀ nìyẹn. Àmọ́ kí wọ́n má tan ara wọn o: bébà pH ò lè rí òjé, kò lè rí mẹ́kúrì, omi tó mọ́ lójú sì lè ní májèlé nínú. Èyí ló jẹ́ kí wọ́n nílò yàrá àyẹ̀wò yunifásítì. Ibẹ̀ gan-an ni owó ìkórè tàbí owó sàráà ti lè wúlò, kí wọ́n fi san owó àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kí wọ́n wá ka èsì rẹ̀ síta fún gbogbo ìjọ ní èdè Yorùbá, bí wọ́n ṣe ń ka ìkéde ìgbéyàwó. Kí wọ́n sì sọ fún àwọn ìyá pé sísè kì í mú òjé kúrò nínú omi, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé omi tó bá ti hó ti di mímọ́.

Kò ní dá ìwakùsà dúró lọ́jọ́ kan. Àmọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé máa wà nílẹ̀, tí ọjọ́, nọ́ńbà àti fọ́tò wà nínú rẹ̀. Tí ẹni tó wà nípò bá ní kò sóhun tó ṣe omi, a máa ní ohun tí a lè nà sí i lójú. Bí àwọn ará El Salvador ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: wọ́n mọ ohun tó wà nínú omi wọn kí wọ́n tó lọ bá ìjọba sọ̀rọ̀.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe gààrí ò dúró de ìjọba kí wọ́n tó yọ sáyánáìdì kúrò nínú oúnjẹ ọmọ wọn. Odò Ọ̀ṣun náà, ọwọ́ àwa tí à ń mu ún ló kọ́kọ́ wà. Lọ́jọ́ Sunday tàbí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ bi Fadá, Pásítọ̀ tàbí Ìmáàmù yín léèrè: "Ta ló yẹ omi wa wò kẹ́yìn, kí ló sì rí?" Tí kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ̀yin fẹ́ bá a wá ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.